Ohùn kan dé lóru, wọ́n ní àrùn tuntun ti wọ Abẹ́òkúta: ṣé kí n fi ránṣẹ́ ni àbí kí n dákẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àbíkẹ́yìn wọn ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lálẹ́ àná, ẹnìkan ju ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí wa. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní nọ́ọ̀sì ni òun. Ó ní èrò ọkọ̀ kan ṣubú lulẹ̀ ní gáréèjì, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú rẹ̀, àrùn tuntun tí kò ní oògùn ni, ìjọba mọ̀ sí i ṣùgbọ́n wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní kí a má ṣe rán ọmọ lọ sí ilé ìwé, kí a máa jẹ orógbó láràárọ̀, kí a sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí a bá fẹ́ràn. N kò sùn di àárọ̀. Bí mo bá fi ránṣẹ́ tó sì jẹ́ irọ́, mo ti da ìlú rú. Bí n kò bá fi ránṣẹ́ tó sì jẹ́ òótọ́, tí nǹkan wá ṣe ọmọ ẹlòmíràn, kí ni mo fẹ́ wí? Kí ni kí n ṣe?

* * *

Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ń bójú tó ní Pánṣẹ́kẹ́ láti ọdún 2009, ọ̀dọ̀ mi sì ni irú ìròyìn báyìí máa ń kọ́kọ́ gbà kọjá, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í tètè lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ olóògùn ló máa ń yà sí. Ẹ jẹ́ kí n fèsì ní ṣókí ná kí ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀, kí n tó máa ṣàlàyé. Ẹ má fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ pe 6232, ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà NCDC ni, àjọ tó ń rí sí ìdènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà. Bí ìpè náà kò bá wọlé, ẹ gba ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta lọ ní Aké, ẹ bèèrè òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọpa àrùn, nítorí pé ó wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, ẹ sì sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, láìfi kún un.

Ẹ ṣe é bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ló wà níwájú yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ tàbí kí ẹ pa ẹnu mọ́. Ọ̀nà kẹta wà. Ìròyìn tí kò tíì dájú lè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní agbára láti wádìí rẹ̀, ó sì lè lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní ohun tó lè fi ṣe ju kí àyà rẹ̀ máa já lọ. Ìyá ọkọ yín kò lè wá èrò ọkọ̀ tó ṣubú náà rí. Òṣìṣẹ́ tí mo wí yìí lè wá a.

* * *

Àwọn tó kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kò gbà fún mi. Wọ́n ní ìfẹ́ ni ènìyàn fi ń tari irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì pa á lówe pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe náà kò burú. Èmi náà ti tẹ̀ lé e rí, ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer gbé Èbólà wọ Èkó láti Làìbéríà. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, àwọn ènìyàn kò bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́ ní Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ sì ni Èkó àti Port Harcourt nìkan ni àrùn náà dé ní gbogbo Nàìjíríà títí tó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ní òru tí ilẹ̀ ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ fẹ́ mọ́, nígbà tí aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ó ní wọ́n ní kí gbogbo ilé gbé omi kaná, kí wọ́n da iyọ̀ sí i, kí wọ́n fi wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, nítorí pé òun nìkan ni Èbólà ń bẹ̀rù. N kò bi í pé ta ló wí bẹ́ẹ̀. Mo jí àwọn ọmọ, mo wẹ̀ wọ́n, èyí tí ooru sú sí lára nínú wọn ń ké nítorí pé iyọ̀ náà ń ta á. Nígbà tí mo ṣe tán, mo pe ìyá mi ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá ìyá mi fínra fún ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Èmi ni mo ń gbé oògùn rẹ̀ lọ fún un lóṣooṣù, èmi ni mo sì máa ń kìlọ̀ fún un pé kí ó dín iyọ̀ inú ọbẹ̀ kù. Èmi kan náà ni mo pè é ní òru pé kí ó mu omi iyọ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó jókòó lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní orí ń fọ́ òun, ó ní ojú òun ń ṣú. Ife onírin tó fi mu ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi ti gbẹ nínú rẹ̀, iyọ̀ sì dì funfun sí ìdí ife náà, ó nípọn débi pé nígbà tí mo fi èékánná há a, ńṣe ló ń bọ́ ní ìpele-ìpele. Ife méjì ló mu, ó ní nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́ ni òun kò ṣe dá a dúró sí ẹyọ kan.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ilé ìwòsàn kí ó tó padà sílé. Tiwa ṣì dára, nítorí pé àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde lọ́sẹ̀ yẹn pé omi iyọ̀ náà pa ènìyàn ní Jos. Mo padà pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi láti bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni. Ọ̀rẹ́ náà ní ẹni tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹni yẹn ní wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù òun ni. Ibẹ̀ ni okùn náà já sí. Láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ títí dé ọwọ́ ìyá mi, kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò fẹ́ràn ẹni tó sọ ọ́ fún. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ìfẹ́ ni, mo gbà. Ohun tí mo ń bèèrè ni ẹni tó fojú rí i.

* * *

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ohùn ti àná yìí yẹ̀ wò bí ẹní ń yẹ owó wò. Obìnrin náà ní nọ́ọ̀sì ni òun, kò dárúkọ ara rẹ̀, kò dárúkọ ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní gáréèjì, kò sọ bóyá Kútọ̀ ni tàbí Láfẹ́nwá. Kò sọ ọjọ́. Ó wá yára sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe, ó sì pàṣẹ pé kí a tari rẹ̀ lọ. Láti ọdún 2014 ni mo ti ń gbọ́ irú wọn, bí wọ́n sì ṣe máa ń rí nìyẹn: ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti pọ̀, ìyẹn ta ni, níbo, ìgbà wo, ni wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ kúkúrú, tí wọ́n á sì fi gbogbo agbára wọn sórí àṣẹ. Bí ẹ bá rí ọfà méjì lórí rẹ̀, WhatsApp fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún yín pé wọ́n ti tari rẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́ tó ìgbà márùn-ún ó kéré tán. Nítorí irú wọn ni WhatsApp ṣe pinnu ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 pé ènìyàn kò ní lè tari wọn sí ju ẹnìkan tàbí gúrúùpù kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìlú wa yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1859 ni míṣọ́nnárì Henry Townsend gbé Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ mọ ilé tí yóò gbé ẹjọ́ lọ. Ilé wo ni ẹ fẹ́ gbé ẹjọ́ ohùn yìí lọ?

Ní ti ilé ìwé tó ní kí àwọn ọmọ má lọ, ẹ rántí oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Àrùn tí a ń pè ní monkeypox nígbà náà, tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí mpox láti ọdún 2022, ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ yọ ní Bayelsa ni, nígbà tí ẹnìkan sọ ọ́ ní ilẹ̀ Ìgbò pé àwọn ṣójà ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àrùn náà ní ilé ìwé. Àwọn òbí sáré já wọ ilé ìwé láti kó ọmọ wọn, àwọn ilé ìwé sì tì pa láàárín ọ̀sán. Kò sí abẹ́rẹ́ àrùn kankan. Ẹ rán àwọn ọmọ yín lọ.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ọbáńtokò kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ mi gùn jù, pé ohun tó yẹ kò ju kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ títí ìjọba yóò fi sọ̀rọ̀, kí ọlọ́pàá sì máa mú ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ṣáájú ìjọba. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ta ni yóò sọ fún ìjọba?

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé Sawyer lọ ní Obálendé, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Ó sọ pé òun kò fara kan ẹni tó ní Èbólà rí. Dókítà Ameyo Adadevoh ni ara rẹ̀ kò gbà á. Kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ o, ìfura ló ní. Ó gbé ìfura náà lọ sọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ètò ìlera, ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde kúrò ní ilé ìwòsàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Ọjọ́ 25 oṣù Keje ni Sawyer kú. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ni Dókítà Adadevoh náà kú, àrùn yẹn ló pa á. Ènìyàn 20 ló kó o ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú nínú wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Èbólà ti kúrò nílẹ̀ wa. Bí ó bá ti dúró de ìjọba ni, a kò mọ iye òkú tí à bá sin.

Ẹ wá wo ibi tó gbé ìfura rẹ̀ lọ. Kò lọ pariwo rẹ̀ ní Obálendé. Ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń tọ́jú aláìsàn náà kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn, ó sì sọ fún àwọn tó ní agbára láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tó fara kan àwọn aláìsàn náà kàn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, wọ́n ń lọ sí ilé wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21 láti wo bóyá ara wọn ń gbóná, nítorí pé àrùn náà lè fara pamọ́ sínú ènìyàn títí di ọjọ́ 21 kí ó tó hàn. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ni í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń mú ẹni tó sọ̀rọ̀, etí ọba dití nìyẹn.

* * *

Mo fẹ́ gba ti àwọn tó ní ìjọba ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ rò dáadáa, nítorí pé wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń rò bẹ́ẹ̀. Àrùn Kòrónà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín ló ti hàn, ní Ewékorò, lára ará Ítálì kan tó wá ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn aláṣẹ fúnra wọn sì ti kéde rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Wọn kò bò ó. Síbẹ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, ìbòmú ti tán ní ṣọ́ọ̀bù mi, oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Ewékorò sì sọ fún mi pé nígbà tí òun dárúkọ ibi tí òun ti ń bọ̀ nínú ọkọ̀, èrò méjì ní kí awakọ̀ sọ àwọn kalẹ̀. Lára gbogbo àwọn tó bá ará Ítálì náà ṣe pọ̀, ẹnìkan péré ni àyẹ̀wò padà bá a lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kónílé-ó-gbélé dé. Ìjọba àpapọ̀ fi Èkó, Ògùn àti Àbújá sí i láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, tiwa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Ebi pa àwọn ènìyàn. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, tí àwọn aráàlú rí oúnjẹ ìrànwọ́ tí wọ́n tì mọ́ inú ilé ìkẹ́rùsí láwọn ìpínlẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ ló fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí Kòrónà kankan, pé wọ́n fi jẹun ni. Ìbínú náà tọ́. Àmọ́ kí ẹnìkan ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìrẹsì kò sọ àrùn di irọ́, àwọn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì so wọ́n pọ̀ lè fi ìbínú sí ìjọba pa baba rẹ̀.

Ohun tí mo rò pé ó mú wa sùn lóru nígbà náà ni iye àwọn tó ní àrùn náà tí NCDC ń gbé jáde lálaalẹ́. Kì í ṣe pé iye náà ń dín kù o, ó ń pọ̀ sí i ni. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé bí alẹ́ bá lẹ́, ẹnìkan yóò sọ̀rọ̀. Ní àwọn ìlú tí àwọn aláṣẹ kò ti sọ ìgbà tí wọn yóò tún sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni àwọn ohùn aláìlórúkọ ti máa ń rí ààyè. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba tó ń ka èyí mọ̀ pé “a ti gbọ́, a ń wádìí, a ó sọ ibi tí a bá a dé fún yín lọ́la ní aago mẹ́rin” jẹ́ ìròyìn gidi. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa.

* * *

Ẹnìkan bèèrè nípa àwọn òru tí wọ́n ń jó táyà ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ní àwọn ọlọ́ṣà tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń bọ̀. Ní Èkó àti apá Ògùn tó bá Èkó pààlà ni ìyẹn ti gbóná jù, àwọn ọkùnrin ò sùn, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá àti igi. Òótọ́ ni pé àwọn olè jà láwọn ibìkan. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti ní kí wọ́n má fara kan ara wọn ló tún wá kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ iná kan náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀rù kan bí ẹ̀rù mìíràn, ìkejì sì ba ohun tí wọ́n ń ṣe nítorí àkọ́kọ́ jẹ́.

* * *

Ti orógbó àti oògùn. Ibí yìí ni iṣẹ́ mi wà, ẹ gbà mí láàyè.

N kò bá orógbó jà, àwọn àgbà wa ń jẹ ẹ́, èmi náà ń jẹ ẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ orógbó àti Èbólà ti wá kò ṣókùnkùn rárá. Ní ọdún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu sọ níbi àpérò àwọn onímọ̀ nípa ewéko ní Amẹ́ríkà pé èròjà inú orógbó dá kòkòrò Èbólà dúró nínú ìdánwò. Inú ìgò ni wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe inú ara ènìyàn. Nígbà tí yóò fi dé orí fóònù ní ọdún 2014, ìgò ti kúrò nínú ìtàn náà, orógbó nìkan ló kù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni chloroquine ṣe rí ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Trump dárúkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 19, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ènìyàn ń wá a ní Pánṣẹ́kẹ́. Ẹ rántí pé láti ọdún 2005 ni Nàìjíríà ti pa á tì gẹ́gẹ́ bí oògùn ibà àkọ́kọ́, nítorí pé kòkòrò ibà kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ mẹkáníìkì wọlé tọ̀ mí wá, ó na fóònù sí mi, ó ní kí n fún òun ní páálí mẹ́ta. Mo ní ta ló ń ṣàìsàn. Ó ní kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn, òun fẹ́ kí ìyàwó àti àwọn ọmọ òun máa lò ó kí ó má baà mú wọn ni. Mo bi í pé ọdún mélòó ni àwọn ọmọ náà. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé pé oògùn yìí lè da lílù ọkàn rú, pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà láàárín èyí tó ń woni sàn àti èyí tó ń pani, pàápàá lára ọmọdé. Ó tẹ́tí gbọ́ mi tán, ó ní, “Ìyá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe wọ́n ńkọ́?” Ó bọ́ síta, mo sì rí i tó yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn aláṣẹ ìlera kéde pé àwọn tó lo chloroquine ju bó ti yẹ lọ ti ń dé ilé ìwòsàn ní Èkó. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba lórí hydroxychloroquine, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, fi hàn pé kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ikú Kòrónà.

Ìbéèrè ọkùnrin náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe òmùgọ̀. Baba ọmọ ni, wọ́n sì ti sọ fún un pé ewu ń bọ̀ láìsọ ohun tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún un. Bí a bá ń bá ẹlẹ́rù sọ̀rọ̀, kí a fún un ní iṣẹ́ ṣe, kí iṣẹ́ náà sì jẹ́ èyí tí kò lè pa á: kí ó fi ọṣẹ wẹ ọwọ́, kí ó dé gàárì àti oúnjẹ rẹ̀ kí eku má tọ̀ sí i, nítorí ibà Lassa, kí ó mọ ilé ìwòsàn tí yóò gbé ọmọ lọ bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí ó sì ní owó ọkọ̀ nípamọ́.

* * *

Ẹnìkan tún kọ̀wé pé, “Àwọn dókítà náà ń yí ọ̀rọ̀ padà.” Òótọ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò pọn dandan kí ẹni tí kò ṣàìsàn wọ ìbòmú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, wọ́n ní kí aráàlú máa wọ èyí tí wọ́n fi aṣọ rán níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó dun èmi náà tí mo ti ń dá àwọn oníbàárà padà. Ṣùgbọ́n àrùn tuntun ni, wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jà á. Ẹni tó bá wí fún yín ní ọjọ́ kìíní pé òun mọ gbogbo rẹ̀, tí kò sì yí ohùn padà rí, ẹni yẹn ni kí ẹ fura sí.

* * *

Ẹni tó ní kí wọ́n gbé orúkọ àti àwòrán aláìsàn náà jáde kí aráàlú lè sá fún un: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ní ọdún 2020, aládùúgbò mi kan dé láti Èkó, ó ń wúkọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ rẹ̀ àti àwòrán ilé rẹ̀ ti wà lórí fóònù gbogbo àdúgbò. Télọ̀ ni. Ọjọ́ márùn-ún ni èsì àyẹ̀wò rẹ̀ fi dé, kò ní Kòrónà. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó tari àwòrán náà tó tari èsì. Àwọn tó gbé aṣọ fún un rán wá kó o láìrán, ó sì kó kúrò ládùúgbò wa kí ọdún tó parí. Lẹ́yìn tirẹ̀, ẹni tó bá ń wúkọ́ ní àdúgbò wa ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu ni. Mo mọ̀ nítorí pé òru ni wọ́n ń ránṣẹ́ ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ mi.

Kì í ṣe òní la ti ń ṣe é. Ní ayé Ṣọ̀pọ̀ná, àwọn àgbà kò dá a pè ní orúkọ, wọ́n á ní ilẹ̀gbígbóná, wọ́n á ní Olúayé, wọ́n á ní Alápadúpẹ́, nítorí pé ẹni tó bá pa, ẹbí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sunkún, ọpẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá. Ìyá mi sọ fún mi pé àwọn ilé kan máa ń gbé aláìsàn wọn pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọdún 1980 ni wọ́n kéde pé àrùn náà ti tán pátápátá láyé, àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé láti wá ẹni tó ní in rí, tí wọ́n sì ń gún àwọn tó yí i ká ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ló ṣe é. Wọn kì bá tí rí ẹnikẹ́ni bí gbogbo ilé bá ti ìlẹ̀kùn.

* * *

Àbúrò wa oníṣòwò Ìtòkú ti padà kọ̀wé. Ó ní òun pè, wọ́n bi òun ní ọjọ́ wo, gáréèjì wo, ta ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, òun kò sì lè dáhùn ju ẹ̀kẹta lọ, wọ́n ní àwọn yóò wádìí. Ó ní àwọn ẹbí ṣì ń bèèrè, ìyá ọkọ òun, tí kò lè ka fóònù, sì ti ní kí wọ́n wá kó àwọn ọmọ lọ sí abúlé.

Ẹ ṣeun tí ẹ pè. Ẹ kọ èyí sórí gúrúùpù kan náà tí ohùn yẹn wà, kì í ṣe ibòmíràn, kí àwọn tó gbọ́ ìyẹn lè rí èyí:

“Mo gbọ́ ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́. Kò sí orúkọ, ọjọ́ tàbí ilé ìwòsàn nínú rẹ̀. Mo ti pe 6232, mo sì ti sọ ohun tí mo gbọ́, wọ́n ní àwọn yóò wádìí. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n kéde àrùn kankan ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ìwé lónìí. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú wa bá gbóná, ilé ìwòsàn la ó gbé e lọ, a kò ní lo ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù. Mo tún ń bọ̀ wá kọ̀wé síbí lálẹ́ ọ̀la, bí mo gbọ́ nǹkan, bí n kò gbọ́.”

Kí ẹ sì kọ̀wé lálẹ́ ọ̀la lóòótọ́. Ìyá ọkọ yín tí ẹ ní kò lè ka fóònù, ẹ pè é, kí ó gbọ́ ọ láti ẹnu yín, nítorí pé ohùn ni ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà á. Bí wọ́n bá ti wádìí náà dé ibi kan, ẹ padà wá sọ ọ́ fún wa níbí, ohun yòówù kí ó jẹ́.